Bí Okùn Bá Fà Ọ́ Lẹ́ẹ̀mẹ́ta

Ẹdẹ, ọ̀sẹ̀ tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Àkànbí ọmọ mi, ọmọ tí mo fi omijé tọrọ,

Tíṣà tó kọ́ ọ ní A, B, D ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Ó ní kí n kọ́kọ́ kí ọ dáadáa kí n tó sọ ohunkóhun, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà. Ó dáa. Mo kí ọ. Mo kí ọ̀gá rẹ òyìnbó. Ara mi le, àfi orúnkún. Iṣu wa ta. Ó tó, Tíṣà, jẹ́ kí n bọ́ sí ohun tó ń jó mi lára.

Ìwé rẹ dé ọwọ́ mi. Tíṣà kà á fún mi, inú mi dùn débi pé mo ń pàtẹ́wọ́. Ọmọ mi ti ríṣẹ́. Ọmọ mi ń tukọ̀ fún òyìnbó tó ń wọn omi ọ̀sà lẹ́bàá Èpẹ́. Mo ní kí Tíṣà rọra kà á kí àwọn ará ilé lè gbọ́. Ó wá ka ibi tí o ti sọ pé bí òyìnbó bá wọn omi tán, ó máa ń ta okùn gígùn sẹ́yìn ọkọ̀, ìwọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú idẹ pẹlẹbẹ tó ń dán bí ẹja kékeré, ẹ ó sì máa tukọ̀ jẹ́jẹ́, okùn á máa wọ́ tẹ̀ lé yín títí ẹja ńlá yóò fi gbé e. Ẹ̀rín ti ń kúrò lẹ́nu mi níbẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà ló ka èyí tí mo ní kó tún kà lẹ́ẹ̀kejì:

"Ìyá mi, ẹja ọlọ́gbọ́n kan wà nínú omi yìí. Lọ́sàn-án gangan, ó fa okùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dúró. Èmi náà fà á padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó tún fà á. Òyìnbó rẹ́rìn-ín títí. Ojoojúmọ́ ni èmi àti ẹja yìí ń bá ara wa ṣeré báyìí, àní mo ti ń retí ọ̀sán. Mo ti ń wé okùn mọ́ ọrùn ọwọ́ mi kó má bàa bọ́ lọ́wọ́ mi."

Àkànbí, mi ò mọ ìgbà tí mo dìde lórí àpótí. Tíṣà ní, "Ìyá Àkànbí, kí ló dé?" Mo ní kó má bi mí léèrè, kó lọ gbé pépà wá, ṣùgbọ́n òní la tó rí ẹni tó ń lọ sí Èpẹ́.

Kí o tó kà kọjá ibí yìí, tú okùn náà kúrò lọ́rùn ọwọ́ rẹ. Bí o bá wà nílé, búra fún mi pé o ò ní wé e mọ́. Bí inú ọkọ̀ lo ti ń kà á, tú u báyìí, kí o sì tukọ̀ bọ̀ wá sí èbúté. N ó dúró dè ọ́.

Ṣé o ti dé? Jókòó.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kì ọ́ nílọ̀ fún ni irọ́ pípa fún ọmọ, nítorí ìwọ náà yóò bímọ lọ́jọ́ kan. Mo purọ́ fún ọ, mo sì pa á fún gbogbo agboolé. Mo sọ pé bàbá rẹ bá àwọn tó ń la ọ̀nà rélùwéè lọ, pé ibà pa wọ́n lọ́nà òkè. Nígbà tí o wà ní kékeré, bí o bá ti gbọ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè dé, o máa ń sá lọ bá wọn, o ó máa wo ojú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ẹni tí ò ń wá. Mo máa ń dúró lẹ́yìn rẹ, n ó sì pa ẹnu mọ́. Wàá padà wálé, wàá ní, "Ìyá mi, wọn ò sí níbẹ̀," n ó sì ní kí o wá jẹun. Dárí jì mí. Bàbá rẹ ò fojú kan iṣẹ́ rélùwéè kankan, àfi ti ọ̀sẹ̀ méjì kan tí n ó sọ fún ọ. Inú Ọ̀ṣun tó kọjá lẹ́yìn ìlú wa yìí ni wọ́n lọ, ojú mi ló sì ṣe.

Tíṣà ti gbé kálàmù dúró, ó ń wò mí. Máa kọ, jàre.

Apẹja ni bàbá rẹ, ó kéré tán o mọ ìyẹn. Ibì kan wà nínú Ọ̀ṣun tí omi ti fẹ̀ tó sì jìn, tí ọ̀pá tó gùn jù kì í kàn án nísàlẹ̀. Ibú Aláró ni wọ́n ń pè é, torí omi rẹ̀ dúdú bí inú ìkòkò aró. Èmi ni mo ń tukọ̀ fún bàbá rẹ níbẹ̀. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ mi ò rí ọkùnrin bá ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ ọkọ̀ í tù ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ, mo sì fẹ́ràn kí n wà nítòsí ọkọ mi. Ìtìjú ò sí nínú ìyẹn.

Lórí Ibú Aláró, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a. Wọ́n ní ohùn èèyàn ò gbọdọ̀ bọ́ sínú omi náà, kí ohun tó wà níbẹ̀ má bàa kọ́ ọ. Nítorí náà èmi àti bàbá rẹ dá àmì sílẹ̀. Èmi wà níwájú, wọ́n wà lẹ́yìn mi. Bí wọ́n bá fẹ́ kí n dá àjẹ̀ dúró, wọn á fa etí aṣọ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èmi náà á na ọwọ́ sẹ́yìn, n ó fa apá ẹ̀wù wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ó túmọ̀ sí pé mo ti gbọ́. Nígbà tó yá, àmì náà bá wa délé. Bí ìyá ọkọ mi bá ń sọ̀rọ̀ tí kò tán, bàbá rẹ á jókòó lẹ́yìn mi, wọn á rọra fa etí aṣọ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, n ó sì mọ̀ pé wọ́n ní kí n jẹ́ ká lọ sùn. N ó di ẹ̀rín mọ́ra títí inú á fi máa run mí. Ẹlòmíràn ò mọ àmì náà. Èmi àti bàbá rẹ nìkan ni.

Ó yẹ kí o mọ̀ báyìí ìdí tí mo fi dìde lórí àpótí.

Òyìnbó kan wá wo ibi tí afárá rélùwéè máa gbà. Bàbá rẹ bá a tukọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, òun ló sì kọ́ wọn ní wíwọ́ okùn. Tẹ́lẹ̀, àwọ̀n ni à ń lò, pẹ̀lú okùn tí a so mọ́ igi létí omi. Òyìnbó yìí ń wọ́ okùn lẹ́yìn ọkọ̀ tòun ti idẹ rẹ̀, ó sì ń gbé ẹja tí apá wa ò ká rí, àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ pátápátá. Nígbà tó lọ, ó kó idẹ rẹ̀ lọ. Bàbá rẹ ò lè sùn mọ́. Idẹ, idẹ, idẹ lórí oúnjẹ, idẹ lórí ẹní.

Èmi ní idẹ. Ọdún mẹ́rin ni mo fi wà nílé ọkọ láìbímọ, kí n tó lọ kúnlẹ̀ létí Ọ̀ṣun. Nígbà tí mo lóyún rẹ, ìyá olórìṣà tó bá mi bẹ omi fi ẹ̀gbà idẹ fífẹ̀ kan sí mi lọ́wọ́. Ó ní, "Idẹ yìí àti ọmọ yìí, ọ̀kan náà ni wọ́n. Bó bá dàgbà, fi í sí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí idẹ yìí sọnù sínú omi o, kí ọmọ má bàa tẹ̀ lé e." Nígbà tí mo bí ọ, idẹ náà ń gbá ọ lórí bí mo bá fẹ́ pọ̀n ọ́, mo bá bọ́ idẹ náà, mo fi í sínú igbá lórí àjà. Bàbá rẹ rí mi nígbà tí mo ń fi í síbẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n ń wọ́ okùn. Ẹja ńláńlá! Mò ń tukọ̀, ẹ̀yìn mi ni wọ́n wà, mi ò wo ohun tó wà lẹ́nu okùn. Mi ò béèrè ibi tí wọ́n ti rí idẹ. Àṣìṣe mi nìyẹn, ìmọ̀ràn kan sì wà níbẹ̀ fún ọ: bí ohun rere bá ya wọlé rẹ lójijì, béèrè ọ̀nà tó gbà. Bí o bá sì gbéyàwó, má mú ohun tó jẹ́ tirẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bó ti wù kí o rò pé o ó dá a padà. Bàbá rẹ kì í ṣe olè. Wọ́n rò pé idẹ ni idẹ. Wọ́n rò pé bí okùn bá ti wà lọ́wọ́ àwọn, kò tíì sọnù.

Àṣìṣe kejì, àwa méjèèjì la jọ ṣe é. Gbogbo apẹja ló ń kúrò lórí Ibú Aláró kí oòrùn tó kàtàrí. Ọ̀sán gangan, ẹni tó ni ibú ni àkókò yẹn wà fún. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àfi ọjọ́ kan tí ẹja ń gbé okùn léraléra, tí ojú ń kán wa. Mo rí i pé òjìji ọkọ̀ ti wọ abẹ́ ọkọ̀ tán. Mo rí i pé àwọn ẹyẹ ti dákẹ́, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò dá ọkọ̀ padà.

Mo gbọ́ tí apá bàbá rẹ ta lẹ́yìn mi. Mo rò pé wọ́n fẹ́ fa aṣọ mi, mo wẹ̀yìn. Okùn wà lọ́wọ́ wọn, ó nà tàn-ìn wọ inú omi, ó sì ń fà wọ́n. Fà, fà, fà. Ó dúró. Kò fà bí ẹja. Ẹja á jà, á já, á sáré. Èyí rọra ń fà bí ìgbà tí ọwọ́ èèyàn bá fa etí aṣọ. Bàbá rẹ wò mí, ẹ̀rín wà lójú wọn, wọ́n sì fa okùn náà padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Wọ́n dá a lóhùn, Àkànbí. Gbogbo ọmọ ilẹ̀ yìí ni a kọ́ láti kékeré pé bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ tí o ò rí ẹni tó pè ọ́, má dáhùn. Bàbá rẹ mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti fi lù ọ́ létí rí nígbà tí o ò tíì mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ṣùgbọ́n ta ló máa rò pé fífa okùn jẹ́ ìdáhùn? Ọkọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí òkè odò, díẹ̀díẹ̀, àjẹ̀ mi wà lórí ẹsẹ̀ mi. Ó tó ìgbà tí oòrùn yẹ̀ díẹ̀ kó tó fi wá sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni bàbá rẹ ò ti jẹ́ tèmi mọ́. Wọ́n ń jẹun, ṣùgbọ́n bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè níta. Wọ́n ń dá lọ sí ibú lọ́sàn-án, wọn ò mú ẹja bọ̀. Mo bi wọ́n, mo ní, "Àyìnlá, kí ni ẹ ń ṣe níbẹ̀?" Wọ́n ní, "Ó ń pè mí, mò ń dá a lóhùn." Mo ní, "Ta ni?" Wọ́n wo ojú mi bí ẹni pé èmi ló yẹ kí n mọ̀.

Èyí tó wá dẹ́rù bà mí jù, ilé ló ti ṣẹlẹ̀. Òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọn ò lè jáde. Okùn náà wà lára ògiri tí wọ́n fi kọ́, ó gbẹ, ẹnu rẹ̀ kejì wà nínú apẹ̀rẹ̀ nílẹ̀. Mò ń fún ọ lọ́mú. Mo rí okùn tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó nà tàn-ìn. Fà, fà, fà. Èèkàn tí a fi kọ́ ọ ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ dìde, wọ́n rìn lọ bá a, wọ́n fà á padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n wá jókòó, ọkàn wọn balẹ̀. Mo gbá ọ mọ́ra. Ìwọ ò sunkún. Ò ń wo okùn náà, ò ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì mo ní àwa méjèèjì la jọ ń lọ. Mo pọ̀n ọ́. Mo fi ọ̀bẹ há ìdí aṣọ mi, ọ̀bẹ tí mo fi ń la ẹja. Mo ti pinnu nínú ara mi pé bó bá fà á, n ó gé okùn náà, kí ìjà tó bá fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ láàárín èmi àti ọkọ mi bẹ́. Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n kàn wé okùn mọ́ ọrùn ọwọ́ ọ̀tún wọn, wọ́n yí i po di ìkó mẹ́ta, wọ́n sì ta kókó.

Ọ̀sán gangan. Ó fà á. Bàbá rẹ dá a lóhùn. Ó tún fà á, lọ́tẹ̀ yìí kò dúró mọ́, ó ń gùn bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Mo fa ọ̀bẹ yọ, mo fi lé orí okùn. Nígbà náà ni mo rí ohun tó ń tàn nínú omi dúdú yẹn, ibi tí ọwọ́ mi ò tó. Idẹ mi ni. Wọ́n ti fi òkúta lù ú tẹ́, wọ́n ti dá ihò sí i létí, ṣùgbọ́n mo mọ idẹ mi. Ọ̀rọ̀ ìyá olórìṣà wá sí mi létí. Bí mo bá gé okùn, idẹ ń lọ. Bí idẹ bá lọ, ọmọ á tẹ̀ lé e. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ náà, ìwọ tó wà lẹ́yìn mi na ọwọ́ kọjá èjìká mi sí omi, ọwọ́ rẹ kékeré là, bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan.

Mo gbé ọ̀bẹ kúrò lórí okùn.

Kí o gbọ́ ọ láti ẹnu mi: ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ mi, ó mú, àyè wà, mi ò gé e. Mo fi ọwọ́ gbá okùn mú ní àárín, mo ń fà á. Bàbá rẹ dìde dúró nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ ò mì. Wọ́n fa etí aṣọ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, jẹ́jẹ́, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ jáde bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ sí àgbàlá ilé rẹ̀. Omi ò ta. Kò dún. Ó gbà wọ́n, ó sì tẹ́jú.

Mo fa okùn títí, gbogbo rẹ̀ wálé, ó fúyẹ́. Ní ẹnu kan, idẹ. Ní ẹnu kejì, ìkó mẹ́ta tí wọ́n wé mọ́ ọrùn ọwọ́ wọn, ó ṣì wà ní wíwé, kò tú, kò sí ọwọ́ nínú rẹ̀. Mo pariwo lórí Ibú Aláró lọ́jọ́ náà. Mo ké orúkọ wọn. Gbogbo ohùn tí mo ní ni mo fi sínú omi náà.

Mo mú idẹ wálé, mo fi òkúta tún un tẹ̀ padà. Òun ni mo fi sí ọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí o wọ rélùwéè. O ní alágbẹ̀dẹ tó ṣe é ò mọ iṣẹ́, pé ó wọ́, pé ihò kan wà létí rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí rélùwéè lọ tán ni mo tó sunkún.

Tíṣà ní ká sinmi. Ó mu omi, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó bi mí bóyá mi ò rò pé ọ̀nì ló gbé bàbá rẹ. Mo ní ọ̀nì wo ló ń tú ọwọ́ èèyàn kúrò nínú okùn láìtú ìkó rẹ̀? Ó tún gbé kálàmù.

Wá gbọ́ ohun tí wàá ṣe báyìí. Mi ò tò ó lẹ́sẹẹsẹ, bó ti ń wá sí mi lọ́kàn ni mò ń sọ ọ́.

Bọ́ idẹ kúrò lọ́wọ́ rẹ kó o tó wọ ọkọ̀. Fi kọ́ ibi tí omi ò lè dé, nínú yàrá, kì í ṣe létí èbúté. Má jẹ́ kí ọ̀gá rẹ rí i, torí àwọn òyìnbó yìí, bí ohun kan bá wù wọ́n, wọn á ní kí o fún àwọn wò.

Má wé okùn mọ́ ara rẹ mọ́, ì báà jẹ́ ọwọ́, ì báà jẹ́ ẹsẹ̀. Mú un lọ́wọ́ lásán, kí o lè jù ú sílẹ̀. Ẹja tó bá bọ́, kó máa lọ sí ilé ìyá rẹ̀.

Kúrò lórí omi kí oòrùn tó kàtàrí. Mo mọ̀ pé òyìnbó kì í sá oòrùn. Sọ fún un pé inú ń run ọ́. Sọ ọ́ lójoojúmọ́ bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín tó ń rín yẹn, má tìtorí rẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀. Ìwọ ò sí níbẹ̀ láti dá a lára yá. Bó bá ní òun ò gbà ọ́ síṣẹ́ mọ́, wá sílé, iṣu wà.

Bí ó bá fà á, má dáhùn. Bó wù ọ́, má dáhùn. Mo mọ̀ pé ó wù ọ́, mo gbọ́ ọ nínú ìwé rẹ. O ní o ti ń retí ọ̀sán. Ọmọ mi, bàbá rẹ náà ń retí ọ̀sán.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ohun kan ṣoṣo ló kù, òun ni mo torí ẹ̀ pe Tíṣà. Ọ̀ṣun wa yìí ń ṣàn lọ sí ọ̀sà tí o wà. O mọ̀ ọ́n, ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi nígbà tí o kọ́kọ́ débẹ̀, pé omi Ẹdẹ náà lo ń tukọ̀ lé. Nítorí náà, mi ò lè sọ fún ọ pé ẹja ló ń fà ọ́. Ó lè jẹ́ bàbá rẹ. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó mọ àmì náà, ohun tó sì túmọ̀ sí ni pé dúró, má lọ síwájú. Ó lè jẹ́ pé wọ́n rí ọmọ wọn lórí omi tí wọ́n ń dá a dúró. Ó sì lè jẹ́ ohun tó mú wọn lọ, tó ti kọ́ ọwọ́ wọn lára wọn. Mo ti rò ó títí, mi ò mọ èwo ni. Ṣùgbọ́n wò ó: bó bá jẹ́ bàbá rẹ, tí o gé okùn tí o sì wálé, o ti gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Bó bá jẹ́ ohun kejì, o ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì, gé e.

Lọ́tẹ̀ yìí kò sí ohun tó yẹ kó dá ọ̀bẹ dúró. Idẹ òyìnbó ló wà lẹ́nu okùn, òyìnbó á wá òmíràn. Má rò ó lẹ́ẹ̀mejì bí èmi ṣe rò ó. Má wo inú omi. Gé e, kí o gbé àjẹ̀, kí o máa bọ̀.

Obìnrin tó mú ìwé yìí wá, ará agboolé wa ni, ó ń ta aṣọ dé Èpẹ́. Ó gbé nǹkan kan lọ́wọ́ fún ọ, tí mo fi àkísà wé. Ọ̀bẹ náà ni. Láti ọjọ́ yẹn mi ò fi la ẹja mọ́, mi ò fi gé ohunkóhun. Àárọ̀ yìí ni mo pọ́n ọn. Rọra tú u, ó mú. Èmi ìbá mú un wá fúnra mi, ṣùgbọ́n orúnkún mi ò gbà, mi ò sì ní purọ́ fún ọ mọ́: ẹ̀rù ń bà mí láti wọ ọkọ̀.

Ó ku ohun kan tí mi ò fẹ́ sọ, Tíṣà ní kí n sọ ọ́ bó bá jẹ́ òótọ́. Lẹ́yìn tí bàbá rẹ lọ, mo ń lọ jókòó létí Ibú Aláró lọ́sàn-án, mo ń na etí aṣọ mi sí omi. Mo ṣe é títí o fi ń sáré kiri, títí o fi lọ sílé ìwé. Ohunkóhun ò fà á. Mo sọ fún ara mi pé inú ń bí wọn sí mi nítorí ọ̀bẹ. Nígbà tó yá mo jáwọ́.

Ọjọ́ mẹ́fà ni ìwé rẹ ti dé. Láti ọjọ́ kejì rẹ̀, bí oòrùn bá ti kàtàrí, níbi tí mo bá jókòó sí nínú ilé, ẹnì kan ń fa etí aṣọ mi. Fà, fà, fà. Jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nígbà tí ìyá wọn bá ń sọ̀rọ̀ tí kò tán. Mi ò tíì dáhùn. Mo ń fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, mo ń jókòó lé wọn, mo ń sunkún, torí Àkànbí, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mo ṣì ń fẹ́ wọn tó báyìí.

Mo mọ ohun tí mò ń ní kí o gé.

Gé e. N ò ní dúró de ìwé rẹ kí n tó mọ̀. Lójoojúmọ́, lọ́sàn-án, n ó máa jókòó lórí àpótí mi lẹ́nu ọ̀nà, n ó máa wo etí aṣọ mi. Ọjọ́ tí oòrùn bá kàtàrí tí kò mira, n ó mọ̀ pé ọmọ mi ń bọ̀ wálé. N ó dìde, n ó lọ gbé iṣu kaná.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àbẹ̀kẹ́.